Ẹṣin oníwo kan inú Blade Runner: kí ni Gaff ń sọ fún Deckard gan-an?

Awòran-Òru

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Àríyànjiyàn kan wà láàárín èmi àti àbúrò mi tí kò fẹ́ tán, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn sinimá bá wa dá sí i.

Ẹ̀dà Blade Runner tí èmi wò ni ti 1982, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Deckard ni ọlọ́pàá tó ń dọdẹ àwọn àtọwọ́dá, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ènìyàn; ọ̀kan nínú irú wọn ni Rachael, ọlọ́pàá sì ni Gaff náà. Nínú rẹ̀, Deckard fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ fún wa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, òun àti Rachael ń yọ́ jáde nílé, ẹsẹ̀ Rachael gbá nǹkan kan nílẹ̀. Deckard bẹ̀rẹ̀, ó mú un: ẹṣin oníwo kan ni, tí Gaff fi bébà dídán bíi fàdákà ká. Ó wò ó, ó mi orí, a sì tún gbọ́ ohun tí Gaff ti ké sí i lórí òrùlé, pé ó ṣeni láàánú pé obìnrin yẹn ò ní pẹ́ láyé, àmọ́ ta ló ń pẹ́ láyé? Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn Deckard wá sọ fún wa pé Gaff ti débẹ̀, ó sì dá Rachael sí. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bébà yẹn ni pé "mo wá, mo rí yín, ẹ máa lọ."

Ti 2007 ni àbúrò mi wò. Kò sí ohùn aláàlàyé kankan nínú tiẹ̀. Ó ní Deckard jókòó sídìí dùùrù, ọtí wà lára rẹ̀, ẹṣin funfun oníwo kan wá ń sáré bọ̀ láàárín igbó, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e padà sójú Deckard. Nítorí ìyẹn, ó ní Deckard kì í ṣe ènìyàn, pé àtọwọ́dá ni òun náà bíi ti àwọn tó ń dọdẹ wọn kiri. Mo ní ẹran orí bébà ò lè ru ẹjọ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àgbà ti ń dé sí mi.

Ṣé òótọ́ ni pé ìran tí kò tó ìṣẹ́jú kan lè yí odidi fíìmù padà? Báwo ni wọ́n ṣe gbìn ín tí kò fi hàn? Àti ojú àwọn kan nínú fíìmù náà tó máa ń tàn yẹn, ṣé àmì ni àbí iná kámẹ́rà lásán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé Ridley Scott tó darí fíìmù náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé àtọwọ́dá ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tó wà nínú àwòrán ni mò ń béèrè.

Agé-Fíìmù

Gígé fíìmù ni iṣẹ́ tí mò ń jẹ, torí náà ibi tí wọ́n ti yọ nǹkan àti ibi tí wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn láti ibẹ̀.

Kí fíìmù yẹn tó jáde ní 1982, wọ́n gbé e fún àwọn òǹwòran ní Denver àti Dallas láti fi dán an wò. Kò yé wọn, kò sì dùn mọ́ wọn. Ẹ̀rù ba àwọn tó ná owó sí i. Wọ́n ní kí Harrison Ford tó ṣe Deckard wá ka àlàyé sórí àwòrán, wọ́n sì lẹ ìparí aláyọ̀ kan mọ́ ọn, níbi tí òun àti Rachael ti ń wakọ̀ lọ láàárín òkè àti igbó. (Òkè tí ẹ ń wò níbẹ̀ yẹn, àjẹkù ohun tí wọ́n yà fún The Shining ni. Stanley Kubrick ló fún wọn.) Ní 1992 ẹ̀dà olùdarí jáde: ohùn aláàlàyé lọ, ìparí aláyọ̀ lọ, ẹṣin oníwo wọlé. Ní 2007, Scott tún gbogbo rẹ̀ tò bó ṣe wù ú, ìran ẹṣin náà sì gùn sí i díẹ̀.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí kò yí padà. Bébà kan náà ni. Orí kan náà ni Deckard mì. Ọ̀rọ̀ Gaff kan náà la gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún ìran yẹn yà. Ibi tó jìnnà sí ìparí ni wọ́n ti fi nǹkan kún un, ìparí sì di nǹkan mìíràn. Ní 1982, ẹni tó ń dúpẹ́ ló mi orí yẹn. Ní 2007, ẹni tí àṣírí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí lọ́wọ́ ni. Ojú Ford ò ṣe ju bó ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí àwa ti mọ̀ kó tó dé ibẹ̀ ló yàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe gbìn ín ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ padà sí ìran tí Rachael wá bá Deckard nílé. Ó mú fọ́tò òun àti ìyá rẹ̀ dání, pé ẹ̀rí nìyí, ènìyàn ni òun. Deckard bi í bóyá ó rántí aláǹtakùn kan tó ń gbé nínú igi lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, tí ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Rachael wò ó bó ṣe ń ta owú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru, títí ẹyin ńlá kan fi wà nínú owú náà. Rachael fúnra rẹ̀ ló parí ìtàn yẹn: ẹyin pa, ọgọ́rùn-ún ọmọ aláǹtakùn jáde, wọ́n sì jẹ ìyá wọn. Báwo ni Deckard ṣe mọ̀? Ìrántí ọmọ ẹbí Tyrell, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn àtọwọ́dá, ni wọ́n kó sí Rachael lórí, Deckard sì ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Fíìmù náà ti fi òfin lélẹ̀ níbẹ̀: bí ẹlòmíràn bá lè ka ohun tó wà nínú orí rẹ, ohun tí ìwọ rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀, a jẹ́ pé wọ́n kó o síbẹ̀ ni. Orí Rachael ni wọ́n ti fi òfin yìí kọ́ wa, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá débi pé a ò mọ̀ pé a ń kọ́ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí Rachael jáde ni Deckard jókòó sídìí dùùrù tí ẹṣin sì sáré kọjá. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹṣin yẹn fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni bébà: Gaff mọ ohun tó wà nínú orí Deckard. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mi ò mọ ọgbọ́n tó ju èyí lọ: kí ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ òǹwòran tipẹ́tipẹ́ kó tó gbọ́ ìbéèrè.

Gaff ńkọ́? Gaff kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó bá sì fi èdè ìgboro sọ, díẹ̀ nínú wa ló lè yé. Àrokò ló ń pa. Ní ọ́fíìsì Bryant, ọ̀gá Deckard, nígbà tí Deckard ní òun ò ṣe iṣẹ́ náà, Gaff fi bébà ká adìyẹ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ojo nìyẹn. Ní yàrá Leon, ọ̀kan nínú àwọn àtọwọ́dá tí Deckard ń dọdẹ, ó fi igi ìṣáná ṣe ọkùnrin kan tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ dìde. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti ń dùn mọ́ Deckard, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Rachael ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹṣin. Inú Deckard ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Nígbà tí ohùn aláàlàyé wà níbẹ̀, a ò ka bébà yẹn sí. Deckard ti ń sọ inú rẹ̀ fún wa, kí la tún fẹ́ fi bébà ṣe? Ìgbà tí wọ́n pa ohùn yẹn mọ́ ni bébà tó ríbi fọhùn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ̀n bí ẹ ṣe ń jà lórí ẹṣin, ẹ fojú fo nǹkan tó tóbi jù ú lọ.

Etí-Òjò

Agé-Fíìmù, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ ta kò yín. Bí Deckard bá jẹ́ àtọwọ́dá, orí òrùlé ti bàjẹ́ nìyẹn, orí òrùlé sì ni fíìmù yẹn wà.

Ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2016 ni wọ́n dá Roy Batty, olórí àwọn àtọwọ́dá tí Deckard ń dọdẹ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún irú wọn láyé, oṣù kọkànlá 2019 sì ni ìtàn náà wáyé ní Los Angeles. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń kú mọ́ ọn lára, ó wá fi ìṣó gún àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kí ọwọ́ náà lè tún gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ nípa àgbélébùú rí tí kò ní mọ ibi tí ìṣó yẹn ti ń bọ̀. Deckard rọ̀ dirodiro lára irin, ìka rẹ̀ ń yọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ló nawọ́ mú un tó fà á gòkè, ẹyẹlé funfun sì wà lọ́wọ́ kejì. Roy jókòó nínú òjò, ó ń ka ohun tí ojú rẹ̀ ti rí: ọkọ̀ ogun tó gbiná lẹ́bàá Orion, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nínú òkùnkùn. Gbogbo rẹ̀ á sọ nù bí omijé nínú òjò. Rutger Hauer tó ṣe Roy ló gé ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n kọ fún un kúrú, òun ló sì fi ti omijé yẹn kún un.

Kí ni ìran yẹn wà fún? Ẹ̀dá tí Bryant ò kà sí ènìyàn ló ṣàánú ènìyàn tí kò láàánú. Ẹ wo iṣẹ́ Deckard ná, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní akọni. Àwọn méjì péré ló pa nínú gbogbo fíìmù náà, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn ló sì ti yìnbọn fún Zhora bó ṣe ń sá lọ láàárín dígí. Rachael ló pa Leon. Roy fúnra rẹ̀ ló kú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo nìyẹn! Ọkùnrin tí inú rẹ̀ ti gbẹ ni, tí ohun tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ wá ń kọ́ ní ìwà ènìyàn. Bó bá wá jẹ́ pé àtọwọ́dá ló gba àtọwọ́dá là, kí ni mo ń sunkún sí?

Nínú ìwé tí Philip K. Dick kọ ní 1968, tí wọ́n ti mú ìtàn yìí jáde, ènìyàn ni Deckard, ó tilẹ̀ níyàwó nílé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ford náà fi takú pé ènìyàn ni òun ń ṣe, nítorí òǹwòran gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ lè fà mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Òǹkà-Ẹyọ

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti "ẹni kẹfà," torí bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ní 1982, Bryant sọ pé àtọwọ́dá mẹ́fà ló sá wá, iná pa ọ̀kan. Ó yẹ kó ku márùn-ún, àmọ́ mẹ́rin la rí: Roy, Leon, Zhora, Pris. Àwọn kan ní ẹni tó kù yẹn, Deckard ni.

Rárá o. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Mary wà nínú àkọsílẹ̀ eré náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì sẹ́ni tó rántí tún ìṣirò Bryant ṣe. Ní 2007, wọ́n yí i padà pé méjì ni iná pa. Scott tó ń fẹ́ kí Deckard jẹ́ àtọwọ́dá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí yẹn rẹ́. Ẹ wá nǹkan mìíràn dìmú.

Awòran-Òru

Àbúrò mi ti ka gbogbo èyí, ẹnu rẹ̀ sì ti mú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ṣeun o. Ti ẹni kẹfà tí Òǹkà-Ẹyọ sọ nìkan ló pa á lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ojú.

Agé-Fíìmù

Ojú ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyinjú kan ṣoṣo bo gbogbo àwòrán, iná ìlú ń jó nínú rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ ká mọ ojú ta ni. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ibi tí ẹ ó yà sí tí ojú ò sí. Ẹ̀rọ Voight-Kampff tí wọ́n fi ń dá àtọwọ́dá mọ̀, ẹyinjú ló ń wò: ìbéèrè ogún sí ọgbọ̀n ló sábà máa ń tó Deckard, ti Rachael gba ohun tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Chew, tó ń ṣe ojú nínú yàrá tó tutù bíi yìnyín, ní ojú nìkan ni òun mọ̀ ọ́n ṣe. Roy sì dá a lóhùn pé ká ní o lè rí ohun tí mo ti fi ojú tí o ṣe rí.

Tyrell wá ńkọ́? Òun tó dá gbogbo wọn, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Roy fi ayò chess wọlé tọ̀ ọ́. Ìparí ayò kan tí wọ́n ta ní London ní 1851 ni wọ́n ti mú ìgbésẹ̀ ayò tí wọ́n ń pè jáde níbẹ̀ yẹn, ayò tí Anderssen, ọ̀kan nínú àwọn atayò méjèèjì, ti fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n pa á, tó sì fi ìyẹn pa ọba ẹnì kejì. Roy béèrè ẹ̀mí gígùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1982, èébú burúkú ló fi parí gbólóhùn náà. Ní 2007, "bàbá" ni. Nígbà tí bàbá ò lè fún un, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì tẹ ojú rẹ̀ wọlé. Èmi fara mọ́ "bàbá." Èébú yẹn ń jẹ́ ká gbàgbé pé ọmọ ló wá sílé.

Ó wá kan ìmọ́lẹ̀ inú ojú. Kì í ṣe èèṣì. Jordan Cronenweth tó ya fíìmù náà gbé dígí kan dábùú síwájú kámẹ́rà, irú èyí tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá tó sì ń dá ìdajì padà, wọ́n wá tan iná sí dígí náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú ọ̀nà kámẹ́rà wọ ojú òṣèré, kó sì ti ibẹ̀ tàn padà. Òwìwí Tyrell ní in. Rachael ní in. Ìgbà kan wà tí Rachael béèrè bóyá Deckard á lépa òun bí òun bá sá, Deckard sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ò já gaara, ó ní òun ò ní lépa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan á lépa rẹ̀. Ojú tiẹ̀ náà tàn níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀rí ni? Ẹ rò ó wò. Bí ẹni tó wà nínú ìtàn bá lè rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ Voight-Kampff ṣe? Wọn ì bá kàn wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó rí i nínú Los Angeles yẹn. Àwa nìkan ni wọ́n pa àrokò yẹn ránṣẹ́ sí, mi ò sì rò pé ó yẹ ká gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò wúwo jù ú lọ. Leon ń kó fọ́tò jọ, Rachael gbára lé ẹyọ kan, orí dùùrù Deckard sì kún fún fọ́tò àtijọ́ àwọn ènìyàn tí kò dárúkọ fún wa. Ẹ tún wo fọ́tò Rachael dáadáa nígbà tó wà lọ́wọ́ Deckard: fún ìṣẹ́jú àáyá kan, òjìji inú rẹ̀ mì bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀. Irọ́ ni fọ́tò yẹn, fíìmù sì mí sí i nínú. Ọ̀pọ̀ ló wo Blade Runner láìrí i.

Etí-Òjò, ọ̀rọ̀ yín lágbára, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Òrùlé ló ṣáájú, bébà ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí Roy ń fa Deckard gòkè, ènìyàn ló ń fà lójú tiwa àti lójú Deckard pàápàá, omijé yín sì ti bọ́ kí Gaff tó fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí bébà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ẹ̀yin lẹ jàre.

Etí-Òjò

Mo gbà fún ti ẹ̀ẹ̀kínní. Tí mo bá tún un wò ńkọ́? Mo ti mọ̀ nípa bébà kí n tó gun òrùlé nígbà yẹn.

Agé-Fíìmù

Nígbà yẹn, ẹ fi Roy sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ Gaff. Ẹ̀yìn tí Roy kú ló dé orí òrùlé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ kì í ṣe ti Rachael rárá. Ó ní Deckard ti ṣe iṣẹ́ ọkùnrin, ó pè é ní ọ̀gá, ó sì ju ìbọn rẹ̀ padà sí i. Ní 1982, mo gbọ́ ọ bí ẹni ń kí ènìyàn kú iṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo mọ̀ nípa bébà, mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn ín ni àbí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ojú Edward James Olmos tó ṣe Gaff ò sì jẹ́ kí n mọ̀.

Awòran-Òru

Ó dáa. Àbúrò mi ní kí n bi yín: ẹni tí kò tíì wò ó rí, èwo ni kó fi bẹ̀rẹ̀?

Òǹkà-Ẹyọ

Ti 2007. Lẹ́yìn náà kó wá ti 1982 wò fún ohùn Ford nìkan. Ó ń ka àlàyé yẹn bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ti 1992, àfi bó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí tó èmi.